Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àròkọ Lórí Ìgbésí Ayé Ènìyàn (Fannie Farmer, Olùkọ́ Oúnjẹ Sísè)

Irú àròkọ tí èyí jẹ́

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú, a ti sọ̀rọ̀ lórí àròkọ aṣàpèjúwe, àròkọ alárìíyànjiyàn àti lẹ́tà kíkọ. Èyí tí ó kàn báyìí ni àròkọ lórí ìgbésí ayé ènìyàn. Àròkọ oníròyìn ni, nítorí pé ìtàn ni a ń sọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàyé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé olùyẹ̀wò fẹ́ mọ ohun tí ẹni náà ṣe, ó sì tún fẹ́ mọ ìdí tí ohun náà fi ṣe pàtàkì.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ olùkọ́, mo rí i pé irú àròkọ yìí a máa rọrùn lójú akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó máa ń ti ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú kòtò. Ohun tí ó ń fà á ni pé wọ́n rò pé ìyìn ni a ní kí wọ́n kọ. Wọn a kọ ọ́ pé ènìyàn rere ni ẹni náà, pé ó ní ìwà pẹ̀lẹ́, pé ó ṣiṣẹ́ takuntakun, pé tọmọdé tàgbà ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí o bá yọ orúkọ ẹni náà kúrò, tí o sì fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun kan tí yóò yí padà nínú irú àròkọ bẹ́ẹ̀. Àròkọ tí ó bá gba orúkọ ẹnikẹ́ni kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, fi èyí sọ́kàn: ìyìn láìsí ẹ̀rí kò ní máàkì lórí. Sọ ohun tí ẹni náà ṣe, sọ ọdún tí ó ṣe é, sọ bí nǹkan ti rí ṣáájú àti bí ó ti rí lẹ́yìn náà. Bí o bá ti ṣe èyí, òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò yin ẹni náà.

Ìbéèrè

Jẹ́ kí á mú ìbéèrè yìí yẹ̀ wò:

*Kọ àròkọ lórí olùkọ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ mú ìyípadà bá ìgbé ayé inú ilé.*

Kí o tó mú gègé, fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìbéèrè náà dúró. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: *olùkọ́*, *ìyípadà*, àti *inú ilé*. Bí o bá kọ nípa ọba tàbí ọ̀gágun, o ti ṣìnà, nítorí pé olùkọ́ ni a béèrè. Bí o bá kọ nípa olùkọ́ rere tí kò yí ohunkóhun padà, ìdajì iṣẹ́ ni o ṣe. Bí ìyípadà náà kò bá sì wọ inú ilé àwọn ènìyàn, o kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Mo yan olùkọ́ oúnjẹ sísè fún àpẹẹrẹ wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, pàápàá àwọn ọmọkùnrin. Wọn yóò ní, "Ṣé oúnjẹ sísè náà jẹ́ ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ kọ ìtàn ènìyàn?" Ẹnu kan náà tí ó ń rẹ́rìn-ín yìí ni yóò jẹun lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó mọ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé dáadáa ni ó ti fi í sílẹ̀ nítorí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mìíràn sì wà tí ìbá wù láti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí ojú ń tì wọ́n. Kí a tó fi ojú kéré iṣẹ́ kan, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ohun tí a mọ̀

Kó àwọn òtítọ́ tí o mọ̀ jọ sórí ìwé kékeré kan kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Ọdún tí a kọ tí kò tọ̀nà burú ju ọdún tí a kò kọ lọ. Lórí Fannie Farmer, àwọn wọ̀nyí ni mo kó jọ:

(a) A bí i ní Boston, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1857. Ó kú ní 1915.

(b) Àìsàn rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16, ó sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

(d) Ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè ti Boston ní 1889. Ó di ọ̀gá ibẹ̀ ní 1891.

(e) Ó kọ ìwé *The Boston Cooking-School Cook Book* ní 1896.

(ẹ) Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1902.

(f) Ó kọ ìwé lórí oúnjẹ àwọn aláìsàn ní 1904.

(g) Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù ni òṣùwọ̀n tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba.

Ìlapa èrò

Wò ó bí mo ti to àwọn òtítọ́ wọ̀nyí sí ìpínrọ̀:

1. Ìfáárà: ìdí tí oúnjẹ sísè fi jẹ́ ìmọ̀, orúkọ ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.
2. Ìbí, ìgbà èwe, àìsàn.
3. Bí ó ti dé ilé ìdáná àti ilé-ẹ̀kọ́.
4. Bí nǹkan ti rí ṣáájú rẹ̀.
5. Ohun tí ó yí padà.
6. Ìwé tí ó kọ, àti bí àwọn òǹtẹ̀wé ti ṣe sí i.
7. Iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn.
8. Àwọn tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní ìgbà ayé rẹ̀.
9. Ìkádìí: ikú rẹ̀ àti ohun tí ó kù.

Kíyè sí i pé ìpínrọ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ni ọkàn àròkọ náà. Àwọn ni wọ́n dáhùn ọ̀rọ̀ náà *ìyípadà*. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lo gbogbo àkókò rẹ̀ lórí ìbí àti ìgbà èwe kì í ní àyè tó fún wọn mọ́.

Àpẹẹrẹ àròkọ

Àpẹẹrẹ yìí gùn ju iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó gùn ni kí o lè rí bí a ti ń fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀.

FANNIE FARMER, OLÙKỌ́ TÍ Ó MÚ ÒṢÙWỌ̀N WỌ ILÉ ÌDÁNÁ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Kò sí ilé tí a kì í ti dáná, kò sì sí ọjọ́ tí ènìyàn kì í wá ohun tí yóò jẹ. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbà pé oúnjẹ sísè jẹ́ ìmọ̀ tí a lè tò sínú ìwé, kí a sì fi kọ́ ọmọ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ayé gbà bẹ́ẹ̀ ni Fannie Merritt Farmer, ọmọ ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1857 ni a bí i. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, Fannie sì ni àgbà nínú ọmọbìnrin mẹ́rin tí àwọn òbí rẹ̀ tọ́ dàgbà. Medford, ìlú kan tí kò jìnnà sí Boston, ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ayé ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo òbí ni ó ń náwó sórí ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n àwọn òbí Fannie fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn kàwé, wọ́n sì ní i lọ́kàn pé yóò kàwé síwájú sí i. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, àìsàn kan kọlù ú lójijì, ó sì rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé kíkà rẹ̀ dúró sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wà nínú ilé àwọn òbí rẹ̀ láìlè rìn dáadáa. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà sì tún gbà á láti rìn, títiro ni ó ń tiro.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọbìnrin tí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dáná ní ilé àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìdílé kan láti máa bá wọn tọ́jú ilé. Obìnrin tí ó ni ilé náà rí i pé oúnjẹ sísè wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó sì fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó lọ kọ́ ọ. Báyìí ni ó ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè ti Boston, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1879. Ó ti sún mọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó wọ ibẹ̀, kò sì jẹ́ kí ojú ti òun láti jókòó pẹ̀lú àwọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1889. Kò tilẹ̀ kúrò nínú ọgbà náà: wọ́n fi ṣe igbákejì ọ̀gá, nígbà tí ó sì di 1891, òun ni ó di ọ̀gá pátápátá.

Kí a lè mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe, ó yẹ kí a mọ bí ìwé oúnjẹ ti rí ṣáájú. Òǹkọ̀wé á ní kí a mú bọ́tà tí ó tó ẹyin adìẹ, kí a bu iyọ̀ tí ọmọ ìka méjì bá mú, kí a da ife ìyẹ̀fun kan sí i, kí a sì gbé e sínú ààrò títí yóò fi jinná. Ẹyin adìẹ wo? Ife ta ni? Ẹni tí ó kọ́ oúnjẹ sísè lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ lè mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń wí, nítorí pé ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú ńkọ́? Ẹni tí ó ti kó lọ sí ìlú tí kò ti ní ẹbí ńkọ́? Ó di kí ó máa dán an wò, kí ó sì máa fi ohun jíjẹ ṣòfò. Mary Lincoln, tí ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣáájú Fannie Farmer, ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ó gbé ìwé kan jáde ní 1884, òṣùwọ̀n sì wà nínú rẹ̀.

Fannie Farmer gba iṣẹ́ náà níbẹ̀, ó sì mú un dé òpin. Ohun tí ó sọ kò ju pé: kí ife jẹ́ ife kan náà, kí ṣíbí jẹ́ ṣíbí kan náà, kí a sì gé orí rẹ̀ dọ́gba. Wo bí a ti ń ta gàrí ní ọjà wa. Obìnrin méjì lè ra kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni méjì. Ọ̀kan bù ú títí orí rẹ̀ fi ga ṣóńṣó, èkejì fi ọwọ́ gbá a dọ́gba pẹ̀lú etí kọ́ńgò. Àwọn méjèèjì yóò délé, wọn yóò ní kọ́ńgò kan ni àwọn rà, ṣùgbọ́n gàrí wọn kò dọ́gba. Bí ṣíbí ti rí nìyẹn. Bí a bá fi bu ìyẹ̀fun tí a jẹ́ kí orí rẹ̀ ga, ohun tí ó gbà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí a gé orí rẹ̀. Nínú ọbẹ̀, ọwọ́ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun tí ń mú kéèkì wú ni a bù ní àbùjù, kéèkì náà lè korò, ó sì lè wú tán kí ó tún rì. Nítorí náà ni Fannie Farmer ṣe ní kí a bu ìyẹ̀fun kún ṣíbí, kí a sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ìdajì ṣíbí, kí a fi ọ̀bẹ pín in sí méjì ní òòró. Ṣíbí kékeré 3 ni ó wà nínú ṣíbí ńlá 1, ṣíbí ńlá 16 ni ó sì wà nínú ife 1. Ẹni tí ó bá lè ka ìwé, tí ó sì ní ife àti ṣíbí, lè se oúnjẹ kan náà lónìí àti lọ́la, ní Boston tàbí níbòmíràn.

Ní 1896, ó kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé tí ó pè ní *The Boston Cooking-School Cook Book*. Ọ̀nà tí a ń gbà se oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,850. Kò kàn sọ bí a ti ń sè é. Ó ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú oúnjẹ, àti ohun tí oúnjẹ ń ṣe nínú ara. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Little, Brown and Company kò gbà pé ìwé náà yóò tà. Ẹ̀dà 3,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, Fannie Farmer fúnra rẹ̀ ni ó sì san owó rẹ̀. Ìwé náà tà ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Nítorí pé owó òun ni ó fi tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òun náà ni èrè rẹ̀ bọ́ sí. Ìwé tí wọ́n ń ṣiyèméjì lé lórí yìí ni àwọn ẹlòmíràn ń tún ṣe tí wọ́n sì ń tún tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀dà àtúnṣe kẹtàlá rẹ̀ jáde ní 1990.

Ní 1902, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ sílẹ̀, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Boston. Àwọn ìyàwó ilé ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ń wá. Ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ bí oúnjẹ ti ń rí lẹ́nu aláìsàn. Ní 1904, ó kọ ìwé *Food and Cookery for the Sick and Convalescent*, òun tìkára rẹ̀ sì ka ìwé yìí sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù. Ó sọ nínú rẹ̀ nípa oúnjẹ ọmọdé, oúnjẹ ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá, àti oúnjẹ ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Abẹ́rẹ́ insulin kò tíì sí nígbà náà. 1922 ni a kọ́kọ́ fi tọ́jú ènìyàn. Ní 1904, oúnjẹ tí a bá wọ̀n dáadáa jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí dókítà ní lọ́wọ́ fún alátọ̀gbẹ. Ó tún tẹnu mọ́ ọn pé kí a bu oúnjẹ aláìsàn díẹ̀díẹ̀, kí a sì gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí yóò wu ojú, nítorí pé oúnjẹ tí aláìsàn kò bá lè jẹ kò wúlò fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Harvard pè é láti wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Báyìí ni ẹni tí kò lè parí ẹ̀kọ́ girama ṣe dúró níwájú àwọn tí wọ́n fẹ́ di dókítà, tí ó sì ń kọ́ wọn.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ní 1899, Ellen Richards, onímọ̀ kẹ́mísírì tí ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní MIT, àti àwọn mìíràn pàdé ní Lake Placid láti jíròrò bí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé yóò ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo. Láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìtọ́jú ilé ní Amẹ́ríkà ti jáde ní 1908, Ellen Richards sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Àwọn yìí ń jà fún àyè ẹ̀kọ́ náà nínú ilé-ẹ̀kọ́. Fannie Farmer ń gbé e lọ bá ìyàwó ilé nínú ilé ìdáná rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ni ó gbé ara wọn ró.

Ní àwọn ọdún tí ó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún kọ̀ ọ́, ó sì di ẹni tí ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Orí kẹ̀kẹ́ náà ni ó ti ń kọ́ni. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1915 ni ó kú, ní ẹni ọdún 57. Ó ṣì bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní gbangba lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ikú náà. Àwọn kan lè sọ pé ife àti ṣíbí kò péye tó, pé ó sàn kí a gbé ìyẹ̀fun sórí òṣùwọ̀n kí a sì wọ̀n ọ́n. Òtítọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ife àti ṣíbí wà ní ilé tálákà pẹ̀lú. Ohun tí Fannie Farmer ṣe ni pé ó mú ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ ìyá nìkan, ó sì gbé e kalẹ̀ sí ibi tí ọmọ aláìníyàá náà ti lè mú un.

Àkíyèsí lórí àròkọ náà

(a) *Ẹ̀rí.* Kò sí ibi kan nínú àròkọ yìí tí mo ti kọ pé Fannie Farmer ní ìgboyà. Síbẹ̀, o mọ̀ pé ó ní in. Níbo ni o ti rí i? O rí i níbi tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ó ti sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, níbi tí ó ti fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé, àti níbi tí ó ti ń kọ́ni lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

(b) *Òwe.* Òwe méjì péré ni mo lò. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin mẹ́wàá kì í gbé ẹni kan ṣoṣo. Lo òwe níbi tí ó bá ti gbé ọ̀rọ̀ síwájú. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dí ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni mo tó sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

(d) *Àpẹẹrẹ tí a mọ̀.* Òǹkàwé lè má mọ bí a ti ń ṣe kéèkì, ṣùgbọ́n ó ti ra gàrí rí. Bí ohun tí o ń ṣàlàyé bá jìnnà, wá ohun tí ó wà nítòsí tí ó jọ ọ́. Má ṣe jẹ́ kí àpẹẹrẹ náà gùn ju ohun tí o ń ṣàlàyé lọ.

(e) *Òdodo.* Mo sọ pé Mary Lincoln ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣáájú. Mo sì gbà pé ife àti ṣíbí kò péye tó. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á rò pé èyí yóò dín iyì ẹni tí ó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùyẹ̀wò tí ó bá rí i pé o sọ òdodo níbi kan yóò gbà ọ́ gbọ́ níbi yòókù.

(ẹ) *"Ó" tàbí "wọ́n".* Bí o bá ń kọ nípa bàbá rẹ, ìyá rẹ tàbí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ, "wọ́n" ni kí o lò, nítorí ọ̀wọ̀. Fún ẹni inú ìtàn, àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń lo "ó", bí mo ti ṣe lókè. Èyí tí o bá mú, rọ̀ mọ́ ọn títí dé òpin. Kí a máa pe ènìyàn kan ní "ó" nínú ìpínrọ̀ kejì, kí a sì tún pè é ní "wọ́n" nínú ìkẹrin, àṣìṣe ni.

(f) *Orúkọ àti ọdún.* Kọ orúkọ àjèjì bí àwọn tí wọ́n ni ín ti ń kọ ọ́. Fi nọ́ńbà kọ ọdún. Má ṣe to ọdún jọ bí ìwé ìṣirò. Ọdún kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ọdún 1922 wà nínú àròkọ yìí kí o lè mọ bí ọ̀rọ̀ alátọ̀gbẹ ti nira tó ní 1904.

Gbólóhùn tí kò lágbára àti èyí tí ó lágbára

Kò lágbára: *Ìwé rẹ̀ dára púpọ̀, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀.*
Ó lágbára: *Ẹ̀dà 3,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì san owó rẹ̀.*

Kò lágbára: *Ó jìyà púpọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀.*
Ó lágbára: *Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, àìsàn kan kọlù ú lójijì, ó sì rọ ọ́ lẹ́sẹ̀.*

Kò lágbára: *Ó ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́.*
Ó lágbára: *Ó tẹnu mọ́ ọn pé kí a bu oúnjẹ aláìsàn díẹ̀díẹ̀, kí a sì gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí yóò wu ojú.*

Ka méjì-méjì náà sókè. Gbólóhùn àkọ́kọ́ dà bí ṣíbí tí orí rẹ̀ ga: ó dà bí ẹni pé ó kún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni a gé orí rẹ̀ dọ́gba.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n kọ

*Òṣùwọ̀n*: ohun tí a fi ń wọn nǹkan.
*Ìwọ̀n*: bí nǹkan ti tó lẹ́yìn tí a wọ̀n ọ́n.
*Ẹ̀dà*: ìwé kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí a tẹ̀.
*Àtúnṣe*: ìwé tàbí iṣẹ́ tí a tún yẹ̀ wò tí a sì mú dára sí i.
*Ìlapa èrò*: ètò kókó-ọ̀rọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ àròkọ.

Kíyè sí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lórí wọn. *Ìwọ̀n* àti *ìwọ* kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ka ìpínrọ̀ ìkarùn-ún nínú àpẹẹrẹ wa. Fi gbólóhùn mẹ́ta péré sọ ohun tí Fannie Farmer yí padà.

2. Yan oúnjẹ kan tí ìyá tàbí ìyá-ìyá rẹ mọ̀ ọ́n sè dáadáa. Jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sè é, kí o sì fi ife àti ṣíbí wọn gbogbo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ bù. Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí kò jẹ oúnjẹ náà rí fi lè sè é. Kíyè sí i bí ó ti ṣòro tó. Nígbà náà ni iṣẹ́ olùkọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò yé ọ.

3. Ṣe ìlapa èrò fún àròkọ lórí olùkọ́ kan ní àdúgbò rẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ mú ìyípadà bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn. Béèrè ọdún àti òtítọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kí o tó kọ ohunkóhun.

4. Kọ àròkọ náà láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn náà, fa ìlà sí abẹ́ gbogbo gbólóhùn ìyìn inú rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí lẹ́yìn, yọ ọ́ kúrò tàbí kí o wá ẹ̀rí fún un.

Ìkìlọ̀ kan ni mo fi parí ẹ̀kọ́ yìí. Má ṣe há àpẹẹrẹ yìí sórí kí o sì lọ dà á sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn olùyẹ̀wò mọ àròkọ tí a há sórí, wọn kì í sì í fún un ní máàkì rere, nítorí pé kì í sábà bá ìbéèrè mu. Ohun tí ó yẹ kí o mú lọ ni ọ̀nà tí a gbà kọ ọ́: mọ ohun tí wọ́n béèrè, kó òtítọ́ jọ, to ìpínrọ̀, sì fi ẹ̀rí ti gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn. Bí o bá ní èyí lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni tí wọn ìbáà ní kí o kọ nípa rẹ̀, wàá rí ohun kọ.